Bí Ìyá Axel Ṣe Gun Òkè Ìdánwò

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé kí a ta bọ́ọ̀sì wa. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi Ọlọ́runlékè, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ wa ní Marcory nílùú Abidjan, mo kọ ọ́ lédè Yorùbá, mo tún kọ ọ́ lédè Faransé, mo sì buwọ́ lù ú. Ẹ̀sùn tí a fi kan bọ́ọ̀sì náà kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń mu epo bí ọ̀mùtí tó bá ọ̀fẹ́ pàdé.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń lọ sí ilẹ̀ àdúrà wa, tó wà lẹ́yìn Anyama. Àwọn ọ̀dọ́ lè wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré akérò, láti ibùdókọ̀ Adjamé, kí wọ́n sì rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà láti àdúgbò Anoumabo ló ń kún inú bọ́ọ̀sì wa, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ta ni yóò ní kí ìyá rẹ̀ máa sáré tẹ̀lé gbaka? Bí a bá ta bọ́ọ̀sì náà, wọn kò ní í fojú kan ilẹ̀ àdúrà mọ́, ẹni tó ń wà á yóò sì padà sílé lọ káwọ́ gbera. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì dìbò síbẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Huguette ni orúkọ ẹni tó ń wà á, ṣùgbọ́n Ìyá Axel la ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lẹ́ẹ̀mejì. Anoumabo ni wọ́n bí i sí. Èjìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò tíì dé Èjìgbò rí. Yorùbá tó gbọ́ pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ, Faransé ló sì fi ń dí gbogbo ihò tó bá kù.

Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ àjàgbé kó obì láti Anyama lọ sí ìhà àríwá fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ irun dídì, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí níwájú ọkọ̀. Bàbá yóò ní kó di ojú, yóò wá bi í pé, "Jíà wo la wà?" Ìró ẹ́ńjìnnì nìkan ló gbọ́dọ̀ fi mọ̀ ọ́n. Bó bá gbà á, abọ́ alloco kan, dòdò alátà, di tirẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti dúró. Ó sọ fún mi pé alloco tí òun jẹ láyé ìgbà náà kò kéré rárá. Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá náà kó lẹ́nu àwọn Júlà alóbì kò sì kúrò létí rẹ̀ títí dòní: dooni-dooni, díẹ̀díẹ̀ ni. Òkè kò fẹ́ ìjà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ṣùgbọ́n bàbá rere náà kọ́ ọ ní àṣìṣe kan pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti dé orí òkè, tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, yóò yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà pátápátá, yóò fi sí point mort, yóò sì jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. "Ọ̀fẹ́ nìyí," ni bàbá máa ń wí, "Ọlọ́run ló ń tì wá." Gbogbo awakọ̀ ìgbà rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tòní náà ṣì ń ṣe é. Huguette náà ṣe é títí ó fi di awakọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Níbẹ̀ ni ọkùnrin tó ń kọ́ wọn níṣẹ́, Idrissa, ti so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ iwájú ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iye epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì hàn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ òkè kan ní point mort, ẹ̀rọ náà ń ka epo. Wọ́n padà gòkè, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí nínú jíà, kò sí ẹsẹ̀ kankan lórí epo. Ẹ̀rọ náà ka òdo. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀kán epo kan kò wọlé, bíréèkì sì tutù bí ìgbà tí wọn kò jáde nílé. Ó ní omi bọ́ lójú òun lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yẹn fi rò pé òun ń ṣọ́ epo, tó sì ń dà á nù lórí gbogbo òkè tó sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ó wá bá wa. A gbà á "fún ìgbà díẹ̀", nítorí pé obìnrin ni, a kò sì tíì mọ ohun tí a fẹ́ rò nípa rẹ̀.

Wàyí o, ó yẹ kí n sọ ti òkè náà. Lẹ́yìn Anyama, ọ̀nà wa sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì kan, ó sì tún gun òkè gíga kan kó tó kan ilẹ̀ àdúrà. Òkè Ìdánwò la sọ ọ́. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, jíà já mọ́ awakọ̀ tó ṣáájú Ìyá Axel lọ́wọ́ lórí òkè yìí, bọ́ọ̀sì sì fẹ̀yìn rìn títí ó fi padà dé ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Láti ọjọ́ náà ó di òfin: bí bọ́ọ̀sì bá dé ìsàlẹ̀ òkè, yóò dúró, a ó kọrin, a ó sì gbàdúrà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò náà, torí ẹ̀rù ń bà wá pé bó bá kú, kò ní í jí mọ́. Lẹ́yìn Àmín, awakọ̀ yóò fi sí jíà kìíní, yóò tẹ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, bọ́ọ̀sì yóò máa ké, èéfín dúdú yóò bo gbogbo ẹ̀yìn wa, àwa yóò sì máa lé Sàtánì kúrò lórí òkè. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń lé e kíkankíkan.

Lọ́jọ́ kejì tí a dìbò, Ìyá Axel bá mi lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn.

"Tonton Akọ̀wé," ó ní, "ce n'est pas la côte, c'est l'arrêt. Òkè yẹn ò ṣe nǹkan kan. Dídúró tí a ń dúró nísàlẹ̀ ẹ̀, òun ló ń mu gasoil."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá Axel, ṣé àdúrà ló wá ń mu epo báyìí?"

"Pardon, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ti rí àwọn tó ń ti pousse-pousse lọ́jà, n'est-ce pas? Tí wọ́n bá rí òkè níwájú, ṣé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró, àbí wọ́n máa ń sáré díẹ̀ kí wọ́n tó kàn án?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Èmi náà ti ti pousse-pousse, ọmọlanke ìkẹ́rù, rí nígbà tí egungun mi ṣì le. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ ni. Mọ́kànlá ọdún ni a fi ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì yẹn, tí kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó rò ó dé ibẹ̀.

Mo mú un wá síwájú ìgbìmọ̀. Alága wa, Bàbá Jonas, wa taxi ní ìlú yìí fún ogójì ọdún, kò sì sí kòtò kan ní Abidjan tí kò mọ̀. Ọkùnrin kan ní Adjamé ti wá wo bọ́ọ̀sì náà fún rírà, ó ti tapá sí táyà rẹ̀ pàápàá. Ìyá Axel káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró níwájú wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní sortie kan ṣoṣo. Ká bu gasoil kún réservoir dé ẹnu ní ilé epo ẹ̀gbẹ́ sọ́ọ̀ṣì. Tá a bá lọ tá a bọ̀, ká tún bù ú kún dé ẹnu. Èyí tó bá wọ̀ ọ́, òun la jẹ. Vingt-six litres ni tẹ́lẹ̀. Tó bá lé ní vingt, kí ẹ tà á, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Mais ká má dúró nísàlẹ̀ òkè."

Láti lítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bọ́ sí ogún! Lítà mẹ́fà lórí ìrìn àjò kan! Bàbá Jonas wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Mo ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí ẹ," ni bàbá wí. "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìrìn àjò kan tó o bèèrè, a fún ẹ. Ṣùgbọ́n ibi tá a ti ń gbàdúrà, a kì í torí epo yí i padà. Ìsàlẹ̀ òkè ni màá ti dúró dè yín."

Ìyá Axel kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Mo rò pé ó ti gba kámú. N kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ló wá mú mi, ó ní kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ Ìyá Georgette ní Anoumabo. Ìyá Georgette jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, òun ló dàgbà jù nínú ìjọ wa, òun ló sì gbé àdúrà sókè lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì fẹ̀yìn rìn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá Axel kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Yorùbá rẹ̀ ń já, Faransé ń so ó. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin kó tó gbé orí sókè.

"Wọ́n sọ ibẹ̀ di òfin?" ó ní. "Ẹ̀yin ọmọ yìí mà pa mí lẹ́rìn-ín o. Mo gbàdúrà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn torí pé ibẹ̀ la bọ́ sí. Ká ní Anyama la ti bọ́ ni, Anyama ni ǹ bá ti gbà á. Níbo lo fẹ́ kí n ti gbà á lọ́la?"

"Ní Anyama, Ìyá. Tá a bá fẹ́ gbé àwọn ará ibẹ̀, a máa dúró quand même. Màá pa moteur. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe Àmín, ọ̀nà máa sọ̀kalẹ̀, a máa lo ìsọ̀kalẹ̀ yẹn fi gun òkè."

"Ó dáa. Dìde. Bá mi ṣa ẹ̀wà yìí, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Bẹ́ẹ̀ la jókòó tí a ń ṣa ẹ̀wà, èmi akọ̀wé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, mo bá Ìyá Axel lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ́ gbogbo táyà. Ó ti nu ojú bátìrì, kí ọkọ̀ má baà kọ̀ láti jí. Ó sọ àga onígi mẹ́rin àti agbada ńlá kan kalẹ̀ láti orí ọkọ̀, ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lò láti bí ọdún mẹ́ta. Àwọn ìyá kan kùn nítorí agbada náà. Ó ní, "Ìyá, ẹni tó ń gun òkè kì í ru agbada tí kò ní se nǹkan sínú ẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé. A bu epo kún dé ẹnu, Bàbá Jonas bẹ ojú wò ó, ó sì wọ mọ́tò tirẹ̀ lọ ṣáájú.

Ẹ̀yìn Ìyá Axel gan-an ni mo jókòó sí. Mo ti wọ ọkọ̀ púpọ̀ láyé mi, n kò rí irú ìwakọ̀ yẹn rí. Nínú Abobo, níbi tí gbogbo gbaka ti ń sáré lọ bá iná pupa bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu, òun ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo láti òkèèrè, nígbà tí a ó bá fi dé ibẹ̀, iná ti padà di àwọ̀ ewé. A kò yára, a kò sì pẹ́. Àwọn tó ń fọn fèrè sí wa, iwájú ni a tún ń bá wọn.

Ní Anyama, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dẹ́rù bà mí. Ìyá Georgette di àga mú, ó dìde.

"Ọlọ́run tó ń gbọ́ wa nísàlẹ̀ òkè," ó ní, "etí rẹ̀ ò di ní Anyama. Ibí la ti gbà á lónìí."

A gbà á. A kọrin, a ṣe Àmín. Ìyá Axel yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó wà nínú jíà kẹta, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sinmi lórí ilẹ̀ ọkọ̀, kò kan epo rárá. Bọ́ọ̀sì ń sáré díẹ̀díẹ̀ sí i, ìwọ̀n tó yẹ. Mo rí Bàbá Jonas nísàlẹ̀. Ó ti gbé mọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú pa, ó ń gbàdúrà.  Ṣé obìnrin yìí máa kọjá alága ìjọ lójú ọ̀nà?

Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí àgbà. Bàbá Jonas la ojú, a sì ti ń kọjá. Àwọn ìyá fi aṣọ ìnujú juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. "Ẹ ǹlẹ́ o, Alága!" Mo fi ìwé orin bo ojú mi.

Òkè dé. Bọ́ọ̀sì gùn ún pẹ̀lú eré tó ti kó wá láti ìsọ̀kalẹ̀, ó sì dé ìdajì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ìdajì ni Ìyá Axel tẹ epo dé, kò tẹ̀ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí eré dín kù, kò bá a jà. Kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ó ti mú un bọ́ sí jíà kejì. Nígbà náà ni a rí ọkọ̀ àjàgbé kan tó kó gẹdú níwájú wa, tó ń rá pálá gòkè. Inú mi bàjẹ́. Bí a bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó parí nìyẹn, jíà kìíní àti èéfín dúdú la tún máa bá gòkè. Ṣùgbọ́n ó ti rí i kí n tó rí i. Ó ti fi àyè gígùn sílẹ̀ láàárín wa, ó kàn ń fa ara rẹ̀ lọ́ra, kò dúró. "Dooni, dooni," ó ń sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tí a fi máa súnmọ́ ọn, ọkọ̀ gẹdú náà ti yà sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó ṣe kù díẹ̀ ká dé téńté, Ìyá Axel gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo pátápátá. Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló rìn gòkè tán.

Mo wẹ̀yìn. Èéfín kankan kò sí. Igi àti ojú ọ̀run ni mo rí, mo rí Anyama lọ́hùn-ún, nǹkan tí n kò rí láti orí òkè yẹn láti ọdún mọ́kànlá. Ariwo sọ nínú ọkọ̀. Halleluyah! Èmi tí kì í pariwo, mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí Bàbá Jonas tó dé. Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jíà kìíní, omi mọ́tò rẹ̀ sì ti hó, èéfín funfun ń jáde níwájú.

"Ẹ kọjá lára mi bí ẹni pé òpó iná ni mí!" ó kígbe.

Ìyá Georgette ló dá a lóhùn. "Jonas, má bínú. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tìẹ ò wọ̀ ọ́ lónìí. Gba omi yìí, lọ rọ ọ́ sí mọ́tò rẹ."

Ó gba omi náà. Ó lọ rọ ọ́ sí mọ́tò, a sì lọ ṣe ìsìn.

Nígbà tí a ń padà, Ìyá Axel sọ̀kalẹ̀ Òkè Ìdánwò nínú jíà kejì, kò tẹ epo, bíréèkì kò sì rùn. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Mo bi í ohun tó ń sọ. "Papa ni mò ń sọ fún," ó ní. "Pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ní ilé epo ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, ìyá tó ń fi ọ̀pá rìn pàápàá. Bàbá Jonas dúró síwájú ẹ̀rọ epo, ó wo ojú nọ́ńbà bí ẹni tó ń wo ẹlẹ́rìí. Bintou, ọmọbìnrin tó ń ta epo, fi ẹnu rọ́bà epo sínú ọkọ̀. Mẹ́wàá. Méjìlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.  Ó dé mẹ́tàdínlógún, ó ń lọ. Ó dé méjìdínlógún, epo hó dé ẹnu, ẹ̀rọ dúró.

"Dúró," ni Bàbá Jonas wí. Ó lọ fi ọwọ́ méjèèjì mi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, kí atẹ́gùn tó bá há sínú rẹ̀ lè jáde. "Fi kún un."

Bintou fi kún un. Kò gbà ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ.

Bàbá Jonas tẹ̀ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ló kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì dún dé títì: "Dix-huit virgule quatre." Lítà méjìdínlógún àti díẹ̀, kò tó ogún.

Ẹ wá rí àwọn ìyá! Wọ́n gbé Ìyá Axel sókè, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń wa taxi dúró láti wò wá. Mo jó. N kò ní sẹ́ ẹ.

Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, Bàbá Jonas ti mú fóònù jáde. Ó pe ọkùnrin Adjamé, ó ní bọ́ọ̀sì kò sí fún títà mọ́, ó sì pa fóònù náà kí ẹni náà tó dáhùn. Ó wá rìn lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Axel, ó ṣí fìlà.

"Ìyá Axel, lóṣù tó ń bọ̀, fi ìjókòó ẹ̀yìn rẹ sílẹ̀ fún mi."

"Bàbá, mais ẹ ní mọ́tò tiyín."

"Mo ní in," ni bàbá arúgbó náà wí. "Ẹsẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ máa wò."